Kìnnìún Tó Kẹ̀yìn sí Títì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Èmi Làsísì, ọmọ Ìkirè, tí ìwé mi dúró sí Pírámárì Fọ́ọ̀, ẹranko tí mo fi ọwọ́ ara mi dá sí Fẹ́sítáàkì àti Àmùwò pọ̀ ju èyí tí bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ pa nínú igbó lọ. Bàbá mi ń pa, èmi ń dá. Sìmẹ́ńtì ni mo fi ń mọ wọ́n.

Ẹ bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa, ẹ ó gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ mi. Wọ́n á ní kí ẹ yà lọ́wọ́ ọ̀tún tí ẹ bá rí Ẹja Onífìlà, tàbí kí ẹ sọ̀ ní Ẹyẹ Aláìnápá. Ṣùgbọ́n Kìnnìún Kẹ̀yìn ni àkọ́bí. Ó dùbúlẹ̀ sórí òpó gíga ní igun òpópónà kékeré kan tí à ń pè ní kúlọ́ọ̀sì, ó kẹ̀yìn sí títì, ó kọjú sílé ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá júwe bí wọ́n ṣe máa fọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbà á sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ni mo ti ń fi pamọ́ láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe tò.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa ọkọ̀ elérùpẹ̀ ló mú mi wá sí Èkó, nígbà tí ilé Fẹ́sítáàkì ṣì ń rùn ọ̀dà tuntun. Ó fà mí lé Ọ̀gá Múfú tó ń fi sìmẹ́ńtì mọ ẹranko lọ́wọ́ ní Alákijà. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe gbà mí àti owó tí mo gbà kò gùn rárá: wọ́n gbà mí, èmi ò gba nǹkan kan.

Ọ̀gá Múfú tín-ín-rín bí ọ̀pá irin tó fi ń ṣiṣẹ́. Èèyàn lè jókòó tì í láti àárọ̀ dọ́sàn-án kó má sọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ọdún kan gbáko, iyanrìn ni mo ń jọ̀. Bí ọkọ̀ bá da iyanrìn sílẹ̀, á pè mí.

"Làsísì, lá a."

Màá bu díẹ̀ sórí ahọ́n.

"Iyọ̀ ń bẹ níbẹ̀?"

"Kò sí, sà."

"Tún un lá."

Iyanrìn odò la fi ń mọ ẹranko. Iyanrìn etí òkun ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ á sì máa jẹ irin inú sìmẹ́ńtì díẹ̀díẹ̀, bí ikán ṣe ń jẹ àjà, tí ẹni tó ń gbé ilé kò ní mọ̀. Ahọ́n ni a fi ń dá wọn mọ̀. Mo lá iyanrìn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè sọ odò tó ti wá. Ẹ̀yin lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ara irọ́ mi.

Ọdún kejì, mo ń tẹ wáyà. Ọdún kẹta, ó ní kí n lọ kọ́ kìnnìún. Èmi ò rí kìnnìún rí, òun náà ò rí i rí. Ó ní kí n máa tẹ̀ lé ológbò ìyá onílé wa kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n wo bó ṣe ń jókòó, bó ṣe ń na ẹ̀yìn, ibi tí èjìká ti ń yọ nígbà tó bá lúgọ. "Kìnnìún," ni Ọ̀gá wí, "ológbò tó ráyè jẹun ni." Ìyá onílé rò pé mo fẹ́ jí ológbò rẹ̀ sè. Títí ó fi kó kúrò ní Alákijà, kò kí mi dáadáa.

Òfin tó tóbi jù ní ṣọ́ọ̀bù wa ni pé sìmẹ́ńtì gbọ́dọ̀ mu omi fún ọjọ́ méje. Bí o bá mọ ẹranko tán, wàá fi àpò kòkó tó rin gbingbin wé e, wàá máa bu omi lé e láàárọ̀ lálẹ́ kí oòrùn má bàa là á. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú àpò kó tó di ọjọ́ keje. Òfin kejì rọ̀ mọ́ ọn: kí o tó wé e, fi wáyà so ọrùn ẹranko, kí ìdí wáyà yọ sóde, kí ibi tí orí wà lè máa hàn. Ẹ fi òfin kejì yìí sọ́kàn, òun ló bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọkùnrin kan ń ta táyà, Bàbá Onítáyà là ń pè é. Ó kọ́lé sí igun kúlọ́ọ̀sì, ó fẹ́ kìnnìún tí yóò dùbúlẹ̀ sórí òpó kó máa wo títì, kí olè àti ẹlẹ́yà jọ máa bẹ̀rù. Ọ̀gá pè mí.

"Tìrẹ ni. Bó bá dára, wàá gba fíríìdọ̀mù."

Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ kìnnìún. Irun ọrùn rẹ̀, mo fi orí ìṣó ya á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Imú rẹ̀, ẹ máa rò pé ó fẹ́ sín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ̀ mí. Mo ní inú ọgbà ni ẹ̀yìn yìí máa kọjú sí, ajá ọgbà nìkan ni yóò máa wò ó. Mo fi tírówẹ̀lì gbá a pẹlẹbẹ bí ògiri ilé ìdáná, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìní ìrù.

Bàbá Onítáyà ń kánjú, ó ti pe àlejò sí ìṣílé. A ní láti gbé kìnnìún dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, kí ó mu omi tó kù lórí òpó. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọ̀gá ní láti lọ kí àna rẹ̀ ní Bàdágírì. Ó ti fẹsẹ̀ kan lé ọkọ̀ kó tó yíjú padà.

"Wáyà," ni ó wí.

"Mo ti gbọ́, sà."

Wáyà ti tán ní ṣọ́ọ̀bù. Kí n rìn lọ rà á ní ọ̀nà jíjìn, ó sú mi. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fa àgbélébùú sára àpò níbi tí orí wà. A fi koríko gbígbẹ àti àpò wé e ní ìpele mẹ́ta kó má bàa gbún, a dì í bí ẹrù ẹni tó ń ti Kánò bọ̀, a gbé e sórí ọmọlanke. Mo sì ń bu omi lé e lọ́nà bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Omi tí mo ń bù ló fọ ṣọ́ọ̀kì mi nù.

A dé igun kúlọ́ọ̀sì, àwa mẹ́rin gbé e sókè. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Làsísì, orí dà?" Mo fọwọ́ pa ẹrù náà lọ pa á bọ̀. Ibì kan wú ju ibì kejì lọ. Mo ní ibẹ̀ ni orí. Koríko ni mo fọwọ́ kàn. A ki irin ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ òpó, a da kọnkéré sí i, a bu omi lé e, a lọlé.

Ọjọ́ keje pé. Àlejò kún títì, Ọ̀gá Múfú ti dé, ó wọ dàńṣíkí funfun. Mo gun àkàbà, mo gé okùn, àpò já bọ́. Ìdí kìnnìún, pẹlẹbẹ, láìní ìrù, ló yọ sí gbogbo àlejò Bàbá Onítáyà.

Ìyàwó Bàbá Onítáyà fi gèlè bo ẹnu, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Bàbá Onítáyà bèèrè, "Múfú, kí lèyí?"

Ọ̀gá wò mí. Ẹnu mi ti là kí n tó mọ̀. "Bàbá, kìnnìún tó bá kọjú sí títì, ti àlejò ló ń ṣe. Èyí tó bá kọjú sílé, olówó rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ọba nìkan ni wọ́n ń gbé e báyìí fún."

Ọkùnrin náà rò ó díẹ̀. Ó rìn wọ inú ọgbà, ó wo ojú kìnnìún, ó jáde padà, àyà rẹ̀ ti wú. "Ẹ gbọ́ bí? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọba ni."

Bí a ṣe dé ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì.

"Wáyà dà?"

"Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi sàmì, sà."

Kò gbá mi. Ká ní ó gbá mi ni, ara ìbá tù mí. Ó ní, "Irọ́ rẹ ti yọ oníbàárà wa nínú ìtìjú, kò tíì yọ ìwọ. Ibi tí o rò pé ẹnikẹ́ni kò ní wò, ibẹ̀ ni gbogbo Fẹ́sítáàkì á máa wò. Lọ ṣe é."

"Ṣé kí n yí i padà ni, sà?"

"Kọnkéré ti gbé e mì. Ẹ̀yìn ni kí o lọ ṣe."

Ó sún fíríìdọ̀mù mi síwájú ní ọdún kan. Láràárọ̀ ni mo ń fẹsẹ̀ rìn láti Alákijà, tèmi ti àkàbà, láti máa fín ìdí kìnnìún ní gbangba. Ẹ ò mọ bí ojú ṣe tì mí tó. Ràṣídì fọkanáísà tó wà lódìkejì títì kò jẹ́ kí n gbádùn.

"Làsísì, ẹ kú ìnùdí o."

"Ẹ ṣeun."

"Ṣé ó ti ṣe tán ni, àbí kí n bá yín wá omi?"

Gbogbo ẹni tó ń fẹ́ táyà lọ́wọ́ rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó sú mi. Mo sọ̀kalẹ̀, mo rọra lọ bá a, mo fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ fún un pé títì ni kìnnìún náà kọjú sí nígbà tí a gbé e dé. Pé ìyàwó Bàbá Onítáyà ló ń dín ẹran, òórùn ẹran fẹ́ jáde, kìnnìún bá yí ara rẹ̀ padà kó lè máa wo ilé ìdáná. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹyin lohùn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, kìnnìún mi ti ń bú ní Apple Junction. Kó tó dé Trade Fair, ó ti jẹ ajá mẹ́ta àti ẹni tó ń gba owó iná. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, "Ọ̀gá oníkìnnìún." Ó dùn mọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, irọ́ àti tírówẹ̀lì di irinṣẹ́ mi méjèèjì.

Ṣùgbọ́n n kò fi ẹ̀yìn kìnnìún náà ṣeré mọ́. Mo fín itan rẹ̀ títí tí ẹ fi lè ka iṣan. Mo mọ ìrù sí i níbẹ̀, mo jẹ́ kó rọ̀ láti ìdí, kó gba ara òpó wálẹ̀, kó ká lẹ́ẹ̀kan bí ejò tó ń sùn, kó parí sí ìdì irun. Ìrù àti òpó di ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí ọdún yẹn pé, Ọ̀gá wá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìrù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un pa. "Ó dára," ni ó wí. Ọ̀rọ̀ ìyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láyé mi nìyẹn. Títí di òní mo ṣì ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo dá dúró, iṣẹ́ ya wọlé. Ẹja Onífìlà, ti ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín ni. Mo gbé ọwọ́ kánmọ́kánmọ́ kan orí rẹ̀ nígbà tó ṣì tútù, ó ya bọ́ sílẹ̀. Mo bá mọ fìlà abetíajá bo ojú ọgbẹ́ náà. Mo sọ fún ìyá pé ẹja tó bá joyè ló ń dé fìlà. Ó ní òun ti ń rò ó bẹ́ẹ̀.

Ti ẹyẹ ni kò ṣeé rẹ́rìn-ín sí. Onílé ìtura kan ní Àmùwò fẹ́ àṣá tó na apá méjèèjì lé orí géètì. Iyanrìn mi tán lẹ́nu iṣẹ́, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ elérùpẹ̀ kò wá. Mo wa iyanrìn tó wà nítòsí, létí omi. Mo lá a. Mo tọ́ iyọ̀ wò. Mo ní, "Díẹ̀ ni." Ẹ gbọ́ mi o, mo mọ̀, mo sì ṣe é.

Òjò ọdún kejì ló tú àṣírí. Télọ̀ kan máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sábẹ́ àṣá náà nítorí ìbòòji. Ó dìde pé kí òun lọ ra òwú, kò tíì rìn dé títì tí apá ọ̀tún fi já, ó fọ́ ẹ̀rọ àti àga tí ó ń jókòó lé wómúwómú. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọkùnrin náà dúró, ó mú owó òwú dání, ó ń wo àga. Mo wo irin tó yọ lára àṣá, ó ti jẹ tán, ó rí bí igi oko tó jóná. Mo gùn ún, mo fi òòlù gbá apá òsì bọ́ kó má bàa pa ẹlòmíràn. Mo ra ẹ̀rọ mìíràn fún un. Wọ́n ń sọ ní àdúgbò pé àṣá náà ló rẹ̀ tó sọ ìyẹ́ kalẹ̀. Èmi kọ́ ló pa ìtàn yẹn. Lóòótọ́, n kò sì ta kò ó.

Láti ìgbà yẹn, bí iyọ̀ bá tó orí abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn, màá dá ọkọ̀ padà.

Ọjọ́ ń lọ. Wọ́n kó mọ́ọ̀dù dé sí Trade Fair: ẹ da sìmẹ́ńtì sí i láàárọ̀, ẹ tú kìnnìún mẹ́rin jáde lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn jọra bí ìgò mínírà. Lẹ́yìn ìyẹn ni fáíbà, tí ọmọdé lè gbé kìnnìún rẹ̀ sábẹ́ abíyá. N kò bú wọn. Mo ra mọ́ọ̀dù kan èmi náà, mo fi jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo kìnnìún fáíbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Mo ti rí èyí tó fò kọjá ògiri aládùúgbò. Ọ̀gá Múfú ti sùn, ojú mi ti ṣú, orúnkún mi kò gba àkàbà mọ́, mo fi tírówẹ̀lì lélẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ti Àjíǹde. Bàbá Onítáyà ti kú, ó dàgbà ó gbó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé fún obìnrin kan, Dámilọ́lá, ọmọ Fẹ́sítáàkì gan-an, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó sì mọ àdúrà gbà. Ọjọ́ tí ó ń kó ẹrù wọlé ni Sàká tó ń wa kẹ̀kẹ́ sọ fún un pé kìnnìún yẹn ń yí lóòótọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ pa ló máa ń kọjú sí, pé òun ló pa Bàbá Onítáyà. Ìyá Dámilọ́lá gbọ́, ó ní òun kò ní sùn sínú ilé náà, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìkókó ń bẹ nílẹ̀ tó yẹ kí ó bá wọn tọ́jú. Wọ́n gbé òṣìṣẹ́ méjì wá pẹ̀lú òòlù ńlá. Òòlù kan já lérùkọ́, èkejì yẹ̀ mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́. Sàká ní, "Ṣé ẹ rí i, kò gbà." Ni wọ́n bá ní kí wọ́n lọ pe ẹni tó mọ ọ́n.

Mo dé ibẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Dámilọ́lá kúnlẹ̀ kí mi.

"Bàbá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ yín ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n màmá mi ò lè wọlé. Ẹ sọ fún wọn ibi tí irin wà kí wọ́n gé e."

"Ta ló sọ fún yín pé ó ń yí?"

Ó tọ́ka sí Sàká. Sàká ní, "Bàbá mi ló sọ fún mi." Mo bèèrè bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ràṣídì fọkanáísà."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á gé kìnnìún lulẹ̀, èmi á sì kú gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tó mọ kìnnìún abàmì. Bí mo bá sọ̀rọ̀, kìnnìún lè dúró, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi á mọ̀ pé mo gbé ìdí sí ipò orí. Mo wo òṣìṣẹ́ tó ń so òòlù rẹ̀ padà. Mo wo ìrù tí Ọ̀gá mi fọwọ́ pa.

"Kò yí rí," ni mo wí. "Èmi ni mo gbé e sódì."

Sàká rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín."

Mo sọ gbogbo rẹ̀: wáyà tí n kò rà, ṣọ́ọ̀kì, koríko, ìdí tó yọ sí àlejò, irọ́ òórùn ẹran tí mo pa fún Ràṣídì. Dámilọ́lá ń gbọ́, ojú rẹ̀ kò tíì tú. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ìtàn. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?"

Ìbéèrè yẹn, èmi ni mo fún un jẹ. Mo pe ìyá rẹ̀ tó dúró lókèèrè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ fi ìka yín lé ìrù yìí. Ẹ máa tẹ̀ lé e bọ̀ wálẹ̀."

Obìnrin náà rọra wá. Ó fi ìka lé ibi tọ́wọ́ rẹ̀ dé, ó tẹ̀ lé ìrù wọ ara òpó, ó tẹ̀ lé ibi tó ti ká, títí dé ìdì irun.

"Ẹ rí ibi tó là?"

"Kò sí."

"Orí òpó yìí ni mo ti mọ ọ́n, ìrù àti òpó jẹ́ ara kan. Bó bá yí pẹ́nrẹ́n, ṣé kò ní já ìrù ara rẹ̀ ni?"

Ó tún fi ìka tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wò mí. "Ẹ gbé e sódì," ni ó wí, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ gbé ìdí kọ ojú sí gbogbo ayé, ẹ wá ní ẹran ló ń gbóòórùn." Ó jókòó sílẹ̀ nídìí òpó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Dámilọ́lá náà bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ.

Sàká kò gbà títí dòní. Ó ń sọ fún èrò inú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pé kìnnìún ló fi ipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Irọ́ tí mo fi sílẹ̀ lọ́mọdé ti dàgbà jù mí lọ, n kò lè nà án mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, bí ẹ bá yan tèmi, ẹ ra wáyà. Ẹ sì wá wo kìnnìún mi, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Kò sí èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dára tó o ní gbogbo Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ wá láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ̀rù ti kúrò lára ìyá Dámilọ́lá débi pé bí oòrùn bá ti yọ, orí ìdí kìnnìún náà ni ó ń sá aṣọ ọmọ sí, á gun àga, á tẹ́ ẹ láti ìbàdí dé ìrù. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sá a sójú rẹ̀. Ẹ bo imú, ẹ bo irun ọrùn, n kò ní bínú. Ẹ ṣáà má bo ẹ̀yìn."

Ó ní ẹ̀yìn ni oòrùn máa ń tàn sí.